Ọrùn Ni, Kì í Ṣe Ọ̀run

Ìgbà àkọ́kọ́ tí awò ojú Tíṣà yọ̀ wá sílẹ̀ lórí imú rẹ̀, férémù ni àbúrò rẹ̀ dá lẹ́bi. Ó ní ó ti pẹ́, apá rẹ̀ ti dẹ̀. Ó gbà á lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó fi ẹ̀mú kékeré tẹ rọ́bà méjèèjì tó ń jókòó lórí imú kí wọ́n lè sún mọ́ra, ó fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nu awò náà, ó sì dá a padà sójú ẹni tó ni ín.

"Ó ti dúró," ni Tíṣà wí. Ó mi orí sọ́tùn-ún, ó mi ín sósì, awò náà kò yẹsẹ̀. "Ọlọ́run á máa ràn ọ́ lọ́wọ́, Àbúrò. Ọwọ́ rẹ mọ́."

Iṣẹ́ àtúnṣe awò ojú ni àbúrò yìí ń ṣe. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá tóóró kan lọ, láàárín ẹni tó ń tún bàtà ṣe àti ẹni tó ń tẹ ìwé. Aago kékeré kan wà lẹ́nu ilẹ̀kùn tó máa ń dún bí èèyàn bá wọlé. Àga kan wà fún oníbàárà, dígí kan lára ògiri, àti àpótí pákó kan tó kún fún káàdì. Gbogbo àdúgbò ń pè é ní Aláwò. Láràárọ̀, kó tó ṣí fèrèsé, á kúnlẹ̀ lẹ́yìn káńtà, á gbàdúrà ṣókí pé kí Olúwa má jẹ́ kí ọwọ́ òun ṣe ojú ẹnikẹ́ni léṣe, á sì dìde.

Kò sí ẹni tó jókòó sórí àga yẹn rí tí kò ní káàdì. Ohun tí ọ̀gá rẹ̀ kọ́ ọ nìyẹn: kọ bí ojú ṣe fẹ̀ tó, kọ gígùn láti etí dé imú, kọ bí igi imú ṣe ga tó ní mìlímítà, kó o sì kọ ọjọ́ tó o wọ̀n ọ́n. Ọ̀gá náà ní ojú àgbàlagbà kì í yí padà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wíwọ̀n tó. Ṣùgbọ́n Aláwò fẹ́ràn kíkọ nǹkan sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá padà wá, á tún un wọ̀n lẹ́yìn tó bá ti tún awò rẹ̀ ṣe tán, á kọ ọ́ sórí ìlà tó kàn láìwo ìlà òkè, bí ẹni tó ń pe orúkọ ní kíláàsì tó sì ti mọ̀ pé gbogbo ọmọ ló wá.

Ní ti Tíṣà, òun ni àkọ́bí ìyá wọn, òun ló sì tọ́ Aláwò dàgbà nígbà tí ìyá wọn kú. Ọkọ rẹ̀ ti ṣaláìsí, kò bímọ. Ó máa ń sọ pé kíláàsì kẹta ni òun bí. Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rẹ̀ nìyí tó ti ń kọ́ kíláàsì kẹta náà. Ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ jù ni àpèkọ. Á dúró níwájú pátákó, á pe ọ̀rọ̀ mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́kọ̀ọ̀kan, ohùn rẹ̀ á gòkè, á sọ̀ kalẹ̀, á dúró lágbedeméjì: dò, re, mí. Ọmọ tó bá kọ ọ̀rọ̀ tí kò fi àmì sórí rẹ̀, á dá ìwé rẹ̀ padà fún un.

"Ìhòòhò lo gbé ọ̀rọ̀ yìí wá fún mi. Lọ wọ̀ ọ́ láṣọ."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, òun ló ń gbé ohùn òkè pátápátá nínú ẹgbẹ́ akọrin. Tí ó bá ti dé ẹsẹ tó kẹ́yìn, àwọn ará ìjọ mìíràn á dákẹ́ kí wọ́n lè gbọ́ ọ.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, etí ló mú un wá sí ṣọ́ọ̀bù.

"Apá awò yìí ń gé mi jẹ," ó wí. "Wo etí mi."

Aláwò wò ó. Etí ọ̀tún pọ́n, ó wú, ó sì gbóná. Ọwọ́ rẹ̀ kò tíì kàn án dáadáa tí Tíṣà fi yẹrí. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ etí náà, níbi rírọ̀ tí yẹtí rẹ̀ wà, kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Yẹtí náà ń mì lọ mì bọ̀ láìdun ẹni tó wọ̀ ọ́. Aláwò rí i, ó sì gbójú kúrò.

"Ta ló gbá yín létí, Ẹ̀gbọ́n?"

"Ìwọ ni. Awò tìrẹ ló gbá mi. Ṣé o fẹ́ sẹ́ ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó fi rọ́bà múlọ́múlọ́ we apá awò náà, ó wọn gbogbo rẹ̀, ó kọ ọ́ sí káàdì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì etí ọ̀tún lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ni tòsì bá gbà á ṣe. Ẹ̀yìn ìyẹn ni orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, lẹ́yìn náà ọrùn ọwọ́, lẹ́yìn náà ikọ́ kan tí kò ní kẹ̀lẹ̀bẹ̀ nínú. Nígbà tó di pé kò lè gun àtẹ̀gùn ilé ìwé láìdúró mí lẹ́ẹ̀mejì, ó lọ rí dókítà.

Dókítà náà kì í ṣe àjèjì. Ọmọ kíláàsì rẹ̀ ni nígbà kan. Odindi ọdún tó fi jókòó níwájú rẹ̀, kò sí àpèkọ kan tí kò gba mẹ́wàá nínú mẹ́wàá, ọmọ kan ṣoṣo tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí nìyẹn. Látìgbà náà ni Tíṣà ti ń pè é ní Mẹ́wàá, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn débi pé àwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀ ń pè é bẹ́ẹ̀ tí kò bá sí nítòsí. Ilé ìwòsàn rẹ̀ wà ní òpópónà kejì sí ṣọ́ọ̀bù Aláwò, yàrá mẹ́rin, ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ tónítóní.

Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ni Aláwò tó gbọ́ bí ó ṣe lọ lọ́jọ́ yẹn. Mẹ́wàá dìde fún olùkọ́ rẹ̀, ó fà á ní àga, ó fi ẹ̀rọ gbọ́ àyà rẹ̀ níwá lẹ́yìn, ó wá bi í pé, "Tíṣà mi, ṣé àyà yín máa ń súfèé tí ẹ bá ń mí?"

Tíṣà rò ó. Nǹkan kan ń súfèé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọrùn ló ti ń súfèé, kì í ṣe àyà. Ìgbà tó bá ń fa èémí sínú ló sì máa ń ṣe é, kì í ṣe ìgbà tó bá ń mí síta. Ó la ẹnu láti sọ ọ́. Ó wá wo ọmọ tó kọ́ ní ABD yìí, ẹ̀wù funfun lọ́rùn rẹ̀, bíró lọ́wọ́ rẹ̀ tó ti wà lórí ìwé, tó ń dúró de ìdáhùn. Obìnrin tó ń tún ọ̀rọ̀ gbogbo ayé ṣe, tó ń tún ti pásítọ̀ ṣe lórí ìjókòó, kò lè tún ìbéèrè Mẹ́wàá ṣe.

"Ó ń súfèé," ó wí.

Mẹ́wàá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ikọ́ fée ni, èyí tí wọ́n ń pè ní ásímà. Ó fún un ní agolo kékeré tí yóò máa tẹ̀ sẹ́nu láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́.

Agolo náà kò ṣe nǹkan kan. Awò ojú sì tún yọ̀. Aláwò tún un ṣe. Ó tún yọ̀, ó tún un ṣe. Iṣẹ́ náà ń dára sí i ni, ìgbà kẹrin, ó pààrọ̀ rọ́bà imú sí èyí tó nípọn, awò náà jókòó gẹ́lẹ́gẹ́lẹ́ débi pé ẹni tó ń tún bàtà ṣe yọjú wá wò ó, ó ní, "Aláwò, o mọ iṣẹ́ yìí jù."

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan, Tíṣà wá jẹun nílé wọn. Ó ti bọ́ awò sílẹ̀ kó lè nu ojú, kò wá rí i mọ́.

"Awò mi dà?" ó ké láti pálọ̀.

Ìyàwó Aláwò gbé àwo wá. Àwo tó mọ́, tó tóbi, ó sì tún fi ṣíbí sí i.

"Kí ni mo fẹ́ fi èyí ṣe?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n gbé àwo yín wá, Ẹ̀gbọ́n."

"Àwo kẹ̀! Awò ni mo wí. A-wò! Èyí tí mo fi ń ríran!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Bí mo ṣe gbọ́ ọ nìyẹn."

Aláwò rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun náà ti gbọ́ ọ: àwo ni Tíṣà wí. Ohùn rẹ̀ ti ń gé, ó ti ń há, ibi tí ó bá fẹ́ kó wá sílẹ̀ kì í wá, ibi tó bá fẹ́ kó gòkè kì í gòkè. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni olórí akọrin bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú àwọn ọkùnrin. "Wọ́n ti fi mí jẹ baba," ni Tíṣà wí. Ní kíláàsì, ó pe "igbá" ní àpèkọ. Ìdajì àwọn ọmọ kọ "igba", àwọn kan kọ "igbà", ọ̀kan ṣoṣo ló kọ "igbá", òun náà sì jẹ́wọ́ pé òun wò ó nínú ìwé àpèkọ ẹ̀gbọ́n òun ni. Tíṣà gba gbogbo ìwé wọn, ó gbé wọn sórí tábìlì, kò sì fún ẹnikẹ́ni ní òdo. Èyí ya àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́nu ju ohùn rẹ̀ lọ.

Ìgbà kẹfà tí ó wá sí ṣọ́ọ̀bù, káàdì kún. Aláwò tún awò náà ṣe, Tíṣà sì lọ, èémí rẹ̀ ń ké fíín fíín bí ó ti ń ti ilẹ̀kùn. Aláwò mú káàdì tuntun. Kó tó lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó ní láti da ìwọ̀n àtẹ̀yìnwá kọ sókè rẹ̀. Bí ó ṣe di pé ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Fífẹ̀ ojú: bákan náà. Etí sí imú: bákan náà. Igi imú: mẹ́sàn-án. Mẹ́sàn-án. Mẹ́jọ. Méje. Mẹ́fà. Márùn-ún.

Ó rò pé òun kọ ọ́ sódì ni. Ó tún un kà. Ó dìde, ó lọ wo imú tirẹ̀ nínú dígí, ó fi rúlà wọ̀n ọ́n, ó tún jókòó. Èèyàn lè rù, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lè wọlé, imú kì í rù. Igi imú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń wó láti oṣù mẹ́wàá, lójú òun, lábẹ́ ọwọ́ òun. Bí òun kò bá mọ iṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀, awò náà ì bá ti jábọ́ lójú rẹ̀ láàárín ìgboro, gbogbo èèyàn ì bá sì ti bi í pé kí ló ṣe imú rẹ. Ẹ̀mú òun ló ń bá àìsàn náà fi ara pamọ́.

Ó ti ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán gangan, ó lọ bá a nílé. Orí àga ló ti bá a, ìrọ̀rí mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní òun kì í lè fẹ̀yìn lélẹ̀ mọ́. Tí òun bá ti dùbúlẹ̀, bí ẹni pé wọ́n fi àtàǹpàkò dí ọ̀nà ọ̀fun òun ni.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Lónìí."

"Mẹ́wàá ń tọ́jú mi."

"Mẹ́wàá ní ikọ́ fée. Ṣé ikọ́ fée ló ń wó imú?"

Tíṣà fi ọwọ́ kan imú rẹ̀, ó tètè sọ ọ́ kalẹ̀. "Àgbà ló dé."

"Àgbà kẹ̀? Ṣé àwọn tó dàgbà jù yín lọ nínú ìjọ kò ní imú ni?"

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ikọ́ dí i lọ́wọ́. Nígbà tó rọlẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ náà díẹ̀díẹ̀, ó ń mí láàárín. "Gbọ́, Àbúrò. Ọmọ tí mo fún ní mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Ṣé èmi náà ni màá tún jáde lọ sí ìgboro, kí n lọ máa sọ fún dókítà mìíràn pé olódo ni? Ṣé ohun tó yẹ kí olùkọ́ ṣe fún ọmọ rẹ̀ nìyẹn? Oògùn rẹ̀ á ṣiṣẹ́. Gbàdúrà fún mi, má pariwo mọ́ mi."

"Mò ń gbàdúrà. Ẹ jẹ́ kí n gbé yín lọ kí n máa gbà á lọ́nà."

"Lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ."

Kò sí bó ṣe lè gbé àgbàlagbà obìnrin rù lé èjìká. Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó fi káàdì náà sí àpò àyà rẹ̀, kò mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Lọ́jọ́ kejì, kò tíì tó aago mọ́kànlá tí fóònù rẹ̀ dún. Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ Tíṣà ni. Ó ní níbi tó ti ń pe àpèkọ, ọ̀rọ̀ kẹrin, ẹnu rẹ̀ ń ṣí, ohùn kò jáde. Wọ́n ti gbé e lọ sọ́dọ̀ Mẹ́wàá. Aláwò kò rántí ti ilẹ̀kùn. Ó sáré gba ẹ̀yìn ilé, ó bọ́ sí òpópónà kejì, ó wọlé pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan.

Ohùn yẹn ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà: híìì, híìì, bí ìgbà tí ẹnìkan bá ń fi sítírọ́ọ̀ fa omi tó ti tán nínú ife. Tíṣà wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Nọ́ọ̀sì méjì ń dì í mú ní èjìká kó lè fẹ̀yìn lélẹ̀, ó sì ń jà láti dìde. Ojú rẹ̀ yọ, ètè rẹ̀ ti ń dúdú. Mẹ́wàá dúró lápá kejì, abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, òógùn bò ó níwájú orí.

"Ẹ̀rù ló ń bà yín, Tíṣà mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sùn sílẹ̀. Màá fún yín ní nǹkan díẹ̀ tó máa jẹ́ kí ara yín balẹ̀, ẹ máa sùn díẹ̀, èémí á sì rọlẹ̀."

Tíṣà mi orí kíkan. Ó ń sọ nǹkan. Kò sí ohùn nínú rẹ̀ mọ́, èémí lásán ni, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tún sọ.

Nọ́ọ̀sì àgbà tẹ etí sí i lẹ́nu. Ó gbé orí sókè, ojú rẹ̀ ti yí padà. "Ọ̀run," ó wí. "Ó ní ọ̀run. Yéè! Màmá ti ń rí ọ̀run!"

"Olúwa, ṣàánú," ni nọ́ọ̀sì kejì wí, ó fi ọwọ́ kan sílẹ̀ lára Tíṣà kó lè fi bojú. Nọ́ọ̀sì àgbà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún ẹni tó ń lọ, Mẹ́wàá sì ti ń wá iṣan.

Aláwò dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ohun tó wá sí i lọ́kàn kò ní ìtumọ̀ lójú ẹni tí kò mọ̀: àwo funfun ńlá, tó ní ṣíbí nínú.

"Ọrùn!" ó ké. "Ọrùn ni, kì í ṣe ọ̀run! Bí ó ṣe pe awò tó di àwo náà ló ṣe! Ọrùn ló ń wí, ọrùn rẹ̀! Ẹ gbé e dìde! Ẹ má jẹ́ kó sùn, Dókítà, ẹ má gún un!"

Kò dúró kí wọ́n gbà. Ó ti nọ́ọ̀sì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó gbé e jókòó, ó tẹ̀ ẹ́ síwájú kó lè fi ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Híìì náà gùn, ó sì tinrín, ṣùgbọ́n ó ń wọlé. Tíṣà na ìka kan, ó fi kan ọ̀fun ara rẹ̀, ó wo Mẹ́wàá. Ó wò ó bí ó ti máa ń wo ọmọ tó mọ ìdáhùn tí kò tíì kọ ọ́.

Aláwò fa káàdì yọ. "Ẹ wò ó. Igi imú rẹ̀. Oṣù mẹ́wàá. Mẹ́sàn-án ni tẹ́lẹ̀, ó ti di márùn-ún. Etí rẹ̀ náà wú, ọ̀tún, lẹ́yìn náà òsì. Òkè etí nìkan. Ìsàlẹ̀ níbi yẹtí kò ṣe nǹkan kan."

Mẹ́wàá gbà á. Ó kà á, ó tún un kà. Ó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀ sínú abọ́. Ó fi ẹ̀rọ rẹ̀ gbọ́ àyà Tíṣà, ó wá gbé e kúrò níbẹ̀, ó gbé e lé ọrùn, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó rọra fi ìka kan òkè etí, Tíṣà yẹrí. Ó fi kan ìsàlẹ̀ etí, kò yẹrí. Ojú ìwé kan ṣoṣo ni àìsàn náà gbà nínú ìwé tó kà nígbà tó ń kọ́ṣẹ́, kò sì tíì rí ẹni tó ní i rí.

"Bí ó ṣe jókòó yìí ni kó wà," ó wí fún àwọn nọ́ọ̀sì. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ẹ gbé afẹ́fẹ́ sí i nímú. Ẹ pe ọkọ̀. Jíjókòó la ó gbé e lọ. Èmi náà ń bọ̀."

Ní ilé ìwòsàn ńlá, obìnrin kan tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ etí, imú àti ọ̀fun ló gbà wọ́n. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n so omi oògùn mọ́ Tíṣà lápá, wọ́n dé ìbòjú mọ́ ọn nímú lẹ́nu tí ẹ̀rọ kan ń fẹ́ atẹ́gùn sí láìdákẹ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n gbé àwo irin pẹrẹsẹ kan sí, aṣọ aláwọ̀ ewé bò ó. Aláwò bi nọ́ọ̀sì ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ní ọ̀bẹ ni, bí èémí bá kọ̀, wọn á dá ihò sí i lọ́rùn.

Ọjọ́ méjì ni pẹrẹsẹ náà fi wà níbẹ̀. Aláwò jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tó fẹ́ gbàdúrà, kò rí ọ̀rọ̀ kankan, àwọn nọ́ńbà orí káàdì ló ń bọ́ sí i lẹ́nu: mẹ́sàn-án, mẹ́jọ, méje. Ó kà wọ́n fún Ọlọ́run bẹ́ẹ̀, ó sì ṣe àmín. Lọ́jọ́ kẹta, nọ́ọ̀sì kan wọlé, ó gbé pẹrẹsẹ náà jáde bí ó ṣe wà, aṣọ lórí rẹ̀, wọn kò ṣí i.

Obìnrin náà wá ṣàlàyé nígbà náà. Ó ní ara Tíṣà ló ń bá ara rẹ̀ jà. Eegun rírọ̀ ló ń bá jà, irú èyí tó gbé etí dúró, tó gbé imú dúró, tó sì ṣe òrùka òrùka yí ọ̀nà èémí ká kó má baà pa dé. Ìsàlẹ̀ etí kò ní irú eegun bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi kàn án. Òrùka ọ̀nà èémí ti rọ̀, ó ti wú, ihò tó kù kò ju ti ọ̀pá bíró lọ, tó bá sì dùbúlẹ̀ á tún pa dé sí i. "Mẹ́ta ni mo ti rí láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́," ó wí. "Ẹ̀gbọ́n yín ṣe ìkẹrin. Oògùn ni yóò máa dì í mú. Ó lè sùn lọ, ó lè jí. Igi imú tó ti wó kò ní dìde mọ́, ohùn náà kò ní rí bíi ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n yóò máa mí." Ó pa fáìlì rẹ̀ dé. "Ká ní wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ oorun yẹn, tí wọ́n sì fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀, kò ní jí."

Mẹ́wàá dúró lẹ́yìn Aláwò nígbà tí obìnrin náà ń sọ ọ́. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ọjọ́ kẹjọ ló tó lè wọlé lọ bá olùkọ́ rẹ̀. Ó dúró níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

"Tíṣà mi, mo wá gba òdo mi."

"Ta ló fún ẹ ní òdo?" Ohùn rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n bá ń fi yanrìn fọ ìkòkò.

"Ikọ́ fée ni mo kọ. Kì í ṣe ikọ́ fée."

"Súnmọ́ ibí. O bi mí pé ṣé àyà. Mo mọ̀ pé ọrùn ni. Mo dáhùn àyà." Ó sinmi kó lè mí. "Tí olùkọ́ bá pe ọ̀rọ̀ sódì, tí ọmọ kọ ohun tó gbọ́, ta ló kọ ọ́ sódì?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ó yẹ kí n gbọ́ ọrùn yín."

"Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí n kò fi fún ẹ ní mẹ́wàá. Márùn-ún ni tìrẹ, márùn-ún tèmi." Ó nà án lọ́wọ́, Mẹ́wàá kúnlẹ̀ kó lè gbà á, ó sì pẹ́ kó tó dìde.

"Èmi ńkọ́?" ni Aláwò bi í láti orí àga.

"Ìwọ? Ìwọ tó tún awò ṣe nígbà mẹ́fà tí o kò wo imú? Jókòó síbẹ̀, mo ṣì ń máàkì tìrẹ."

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, aago ẹnu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù dún, Tíṣà wọlé. Ojú rẹ̀ ti kún díẹ̀ nítorí oògùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró gbọn-in. Ó ti padà sí kíláàsì kẹta. Ohùn rẹ̀ kò gòkè mọ́, ṣùgbọ́n ó ti rí ọgbọ́n sí i: tí ó bá ń pe àpèkọ, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló ń gbé àmì. Ó sọ ọwọ́ sílẹ̀, dò. Ó nà án gbọọrọ, re. Ó gbé e sókè, mí. Àwọn ọmọ ń wo ọwọ́ rẹ̀, wọ́n ń kọ ọ́. Ó ní àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sọ̀rọ̀ ní pápá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Aláwò fi ṣe awò tuntun náà. Kò ní rọ́bà imú. Apá rẹ̀ kò gun òkè etí. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ló fi gbé e lé orí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ọ̀já rírọ̀ kan sì yí i ká lẹ́yìn orí. Kó tó fi ọwọ́ kan ẹ̀mú, ó kọ́kọ́ gbé rúlà.

"Márùn-ún," ó wí.

"Oṣù tó kọjá ńkọ́?"

"Márùn-ún. Èyí tó ṣáájú rẹ̀, márùn-ún."

Ó fi awò náà sí i lójú. Tíṣà mi orí sọ́tùn-ún, ó mi ín sósì.

"Ó ti dúró," ó wí, ó sì wo ojú tuntun náà nínú dígí. Nígbà tó yíjú padà, Aláwò ti ń kọ káàdì. Ó tẹ̀ síwájú wò ó. Lábẹ́ ìwọ̀n gbogbo, níbi tí wọ́n máa ń kọ ohun tó ń ṣe oníbàárà sí, àbúrò rẹ̀ ti kọ ọ́ gàdàgbà: *àìsàn ọrun.*

"Ìhòòhò," ni Tíṣà wí.

Ó gba bíró lọ́wọ́ rẹ̀, ó tẹ̀ ba lórí káńtà, ó sì fi àmì kan ṣoṣo sí i, lórí u, èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀.